Ìtàn Ìtọ́jú Ọkọ̀ Òfurufú àti Ètò Ìrìnnà Ọ̀nà Jíjìn láti Ìkẹjà

Ohun méjì kì í ya ara wọn nínú iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ọ̀nà jíjìn. Èkíní ni ìtọ́jú ọkọ̀, pàápàá inú ibi tí èrò ń jókòó sí. Èkejì ni ètò tó ń sọ ọkọ̀ tí yóò fò, wákàtí tí yóò gbéra, àti ọjọ́ tí yóò wọ hángà, ilé tí wọ́n ti ń tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ yìí kan ará Kòsọ́fẹ́ ní Èkó gidigidi, nítorí ìjọba ìbílẹ̀ náà àti Ìkẹjà pààlà. Ẹni tó ń ti Ketu, Mile 12, Ìkòsí tàbí Alápẹ̀rẹ̀ lọ sí òkè òkun yóò gba Òjótà dé Maryland, yóò wá yà sí ọ̀nà Mobolaji Bank-Anthony, kó tó dé pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed. Bí wọ́n bá sọ fún un níbẹ̀ pé ọkọ̀ kò lọ mọ́ lálẹ́ yìí, òun àti ẹbí tó sìn ín wá ni yóò jọ gbé ẹrù padà.

Láti ọdún 1958 ni Nàìjíríà ti ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tó ń lọ Lọ́ńdọ̀nù lórúkọ ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ti dé, wọ́n sì ti lọ. Bí a bá wo ìtàn wọn dáadáa, a ó rí i pé owó tí a fi ra ọkọ̀ kọ́ ni ìṣòro tó tóbi jù. Àyè tí a kò fi sílẹ̀ fún ìtọ́jú ọkọ̀ náà ni.

Bí ìtọ́jú ọkọ̀ ṣe rí

Kí ọkọ̀ tó gbéra ni ẹnjiníà ti ń yí i ká, tó ń wo táyà, bíréèkì, ẹnjíìnì àti ibi tí epo lè ti máa jò. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún mélòó kan wákàtí ìfò ni àyẹ̀wò A ń wáyé, èyí tí wọ́n lè parí láàárín òru kan. Àyẹ̀wò C máa ń tó bí ọdún kan ààbọ̀ sí ọdún méjì kó tó tún wáyé, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àyẹ̀wò D, tó jẹ́ bàbá gbogbo wọn, ń wáyé ní bí ọdún mẹ́fà sí mẹ́wàá. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń tú ọkọ̀ palẹ̀. Wọn a yọ àga, kápẹ́ẹ̀tì, ilé ìdáná, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti pátákó tó bo ògiri inú, kí wọ́n lè fojú rí irin ara ọkọ̀, bóyá ó ti dípẹtà tàbí ó ti ń sán.

Láyé ìgbà tí ọkọ̀ bíi DC-8 dóde, ìgbàgbọ́ àwọn ẹnjiníà ni pé gbogbo ẹ̀yà ara ọkọ̀ ló ní ọjọ́ orí tó gbọ́dọ̀ pé kí a tú u. Lọ́dún 1968, nígbà tí Boeing 747 ń bọ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ àti àwọn tó ṣe é pàdé, wọ́n sì kọ ìlànà tuntun tí wọ́n pè ní MSG-1. MSG-2 tẹ̀lé e lọ́dún 1970 fún irú ọkọ̀ bíi DC-10, MSG-3 sì dé lọ́dún 1980. Nínú ìwádìí tí Nowlan àti Heap ti ilé-iṣẹ́ United Airlines gbé jáde lọ́dún 1978, wọ́n rí i pé ìdá 89 nínú 100 àwọn ẹ̀yà tí wọ́n yẹ̀ wò ni gbèdéke ọjọ́ orí kò ṣe láǹfààní. Wọ́n tún fi hàn pé kí DC-8 tó fò fún wákàtí 20,000, àyẹ̀wò ńlá ara rẹ̀ ń gba wákàtí iṣẹ́ mílíọ̀nù mẹ́rin, ṣùgbọ́n 66,000 péré ni ti 747. Láti ìgbà náà ni ìtọ́jú ti kúrò ní títú ohun gbogbo palẹ̀, tó di wíwo ohun tó yẹ ní àkókò tó yẹ. Irú ìlànà bẹ́ẹ̀ nílò àkọsílẹ̀ tó péye, ohun èlò tó wà nítòsí, àti ẹnjiníà tí ẹnikẹ́ni kò lè fi ipá mú pé kó fọwọ́ sí ohun tí kò tíì ṣe.

Inú ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan

Ọ̀pọ̀ èrò gbà pé àga tó ya, iná tí kò tàn àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n tì pa jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtura lásán. Ìtàn sọ ohun mìíràn. Ní July 11, 1973, iná bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọkọ̀ Boeing 707 ti ilé-iṣẹ́ Varig nítòsí Paris, èèyàn 123 sì kú. Ní June 2, 1983, iná tún ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọkọ̀ DC-9 ti Air Canada jáde. Ọkọ̀ náà balẹ̀ sí Cincinnati, ṣùgbọ́n èèyàn 23 kò rí ọ̀nà jáde nínú èéfín. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí wọ́n fi aṣọ tí iná kì í tètè ràn bo tìmùtìmù àga, kí iná atọ́nà wà nítòsí ilẹ̀ ọkọ̀, kí ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn èéfín sì wà nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ní September 2, 1998, ọkọ̀ MD-11 ti Swissair já sínú òkun Canada, èèyàn 229 kú. Àwọn olùwádìí tọpa iná náà dé àwọn wáyà òrùlé, títí kan wáyà ẹ̀rọ sinimá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sínú ọkọ̀ náà.

Nítorí náà, ẹni tó ń tún inú ọkọ̀ ṣe ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀mí. Òun ló ń wo bẹ́líìtì àga, ìbòjú ọ́síjìn, ẹ̀wù ìléfòó abẹ́ àga, àti rọ́bà ńlá tó ń wú lẹ́nu ilẹ̀kùn kí èrò lè yọ̀ jáde. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú èrò ní ìwé kan tí wọ́n ń kọ àbùkù sí lójú ọ̀run, ẹnjiníà yóò sì kà á nígbà tí wọ́n bá balẹ̀. Ìwé mìíràn tún wà tó ń sọ àbùkù tí ọkọ̀ lè gbé fò àti iye ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi tún un ṣe: ọjọ́ 3 fún òmíràn, ọjọ́ 10 tàbí ọjọ́ 120 fún àwọn mìíràn. Ibí yìí ni ètò ìrìnnà ti ń pàdé ìtọ́jú. Bí ọkọ̀ bá balẹ̀ láàárọ̀ tó sì gbọ́dọ̀ padà lọ́sàn-án, ẹnjíìnì ni wọn yóò kọ́kọ́ mójú tó. Àga àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yóò dúró de ọ̀la, ọ̀la yóò sì di ọ̀tunla.

Ìṣirò wákàtí

Ìfò láti Ìkẹjà dé Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ bí wákàtí mẹ́fà ààbọ̀. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ mẹ́tàlá. Bí a bá fi wákàtí méjì sí mẹ́ta kún un ní ìlú kọ̀ọ̀kan kí èrò lè sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n gbá inú ọkọ̀, kí wọ́n bu epo àti oúnjẹ, ó ti tó mẹ́tàdínlógún sí mọ́kàndínlógún nínú wákàtí mẹ́rìnlélógún. Ọkọ̀ kan ṣoṣo lè máa lọ Lọ́ńdọ̀nù lójoojúmọ́, bí ohunkóhun kò bá bàjẹ́. Ti New York kò rí bẹ́ẹ̀. Ìfò ibẹ̀ ń súnmọ́ wákàtí mọ́kànlá lẹ́yọ kan, nítorí náà ọkọ̀ tó bá lọ lónìí kò lè dé tán kó tún gbéra ní wákàtí kan náà lọ́la. Ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ lọ sí ìlú méjèèjì lójoojúmọ́ nílò ọkọ̀ mẹ́ta, pẹ̀lú ẹ̀kẹrin tí yóò máa dúró dè wọ́n nígbà tí ọ̀kan bá wọ hángà.

Oníṣòwò tòmátì ní Mile 12 mọ ìṣirò yìí. Bí ó bá ní ọkọ̀ akẹ́rù kan ṣoṣo tó ń ti Kánò bọ̀, ọjọ́ tí ọkọ̀ náà bá wà lọ́dọ̀ mekáníìkì ni ìsọ̀ rẹ̀ ṣófo.

Láti WAAC dé Nigeria Airways

Lọ́dún 1946 ni àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú WAAC sílẹ̀. Nígbà tí Gánà yọ ara rẹ̀ lọ́dún 1958, Nàìjíríà dá tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní October 1, 1958. Ọkọ̀ Stratocruiser ti BOAC, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n yá láti máa lọ Lọ́ńdọ̀nù. Èyí fi hàn pé ìtọ́jú ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn láti ọjọ́ kìíní.

Lọ́dún 1969, Nàìjíríà ra ọkọ̀ VC10 kan láti ọwọ́ BOAC. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀, ní November 20, ó já lulẹ̀ nígbà tó ń bọ̀ wá balẹ̀ sí Èkó láti Lọ́ńdọ̀nù, èèyàn 87 tó wà nínú rẹ̀ sì kú. Boeing 707 dé lọ́dún 1971, ọdún kan náà tí orúkọ ilé-iṣẹ́ náà di Nigeria Airways. DC-10 méjì dé lọ́dún 1976 àti 1977. Pápákọ̀ tuntun ní Ìkẹjà ṣí ní March 1979, ọdún yẹn náà sì ni ìjọba gbé ìṣàkóso Nigeria Airways fún KLM ti ilẹ̀ Netherlands fún ọdún méjì. Airbus A310 mẹ́rin tún wọlé láàárín àwọn ọdún 1980.

Lójú ẹni tó ń kọjá, ilé-iṣẹ́ náà lọ́rọ̀. Ṣùgbọ́n DC-10 rẹ̀ kò ju méjì lọ. Ní January 10, 1987, ọ̀kan nínú wọn yà kúrò lójú ọ̀nà ní pápákọ̀ Ìlọrin nígbà tí wọ́n ń kọ́ àwọn awakọ̀ níṣẹ́, ó sì jóná. Kò sí ẹni tó kú, àmọ́ ìdajì DC-10 orílẹ̀-èdè yìí parun lọ́jọ́ kan. July 1989 ni òmíràn dé. Òun ni ọkọ̀ 446, DC-10 tó kẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ McDonnell Douglas kọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí wé ti Ethiopia. Ethiopian Airlines bẹ̀rẹ̀ ìfò lọ́dún 1946 kan náà tí wọ́n dá WAAC sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ TWA ti Amẹ́ríkà ló sì kọ́kọ́ bá wọn ṣàkóso. Wọ́n fi àwọn ọdún náà kọ́ ẹnjiníà tiwọn, wọ́n kọ́ hángà ńlá sí Addis Ababa. Lónìí, àwọn ilé-iṣẹ́ láti orílẹ̀-èdè mìíràn ní Áfíríkà, títí kan Nàìjíríà, ń gbé ọkọ̀ lọ bá wọn fún àyẹ̀wò. Nàìjíríà náà dá iléèwé ìmọ̀ ọkọ̀ òfurufú sílẹ̀ ní Zaria lọ́dún 1964, ó sì ti kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Iléèwé nìkan kò tó, bí ilé-iṣẹ́ kò bá ní ohun èlò tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi ṣiṣẹ́.

Jeddah, 1991

Àsìkò Hájì ni ètò ìrìnnà máa ń le jù, nítorí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn gbọ́dọ̀ lọ kí wọ́n sì bọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Lọ́dún 1991, wọ́n yá ọkọ̀ DC-8 kan láti ọwọ́ Nationair ti Canada láti bá Nigeria Airways kó àwọn alálàájì. Àwọn mekáníìkì rí i pé afẹ́fẹ́ inú méjì nínú táyà rẹ̀ kò tó. Wọ́n wá afẹ́fẹ́ nitrogen tí wọn yóò fi fẹ́ ẹ, wọn kò rí i. Aṣojú Nationair tó ń bójú tó iṣẹ́ náà kò fẹ́ kí ọkọ̀ pẹ́, nítorí náà wọ́n ń gbé e fò bẹ́ẹ̀.

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ní July 11, bí ọkọ̀ náà ṣe ń sáré gbéra ní Jeddah láti máa bọ̀ ní Sókótó, táyà bẹ́. Ó gbaná, wọ́n sì ká a sókè pẹ̀lú iná náà sínú ọkọ̀. Ọkọ̀ náà já lulẹ̀ kó tó lè padà balẹ̀. Èrò 247 àti òṣìṣẹ́ 14 kú, gbogbo wọn jẹ́ èèyàn 261. Kò sí ìtàn tó fi hàn kedere ju èyí lọ pé bí ètò ìrìnnà bá borí ìtọ́jú, ẹ̀mí èrò ni yóò san gbèsè rẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún 2003

Nigeria Airways kógbá sílé lọ́dún 2003. Virgin Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í lọ Lọ́ńdọ̀nù ní June 28, 2005 pẹ̀lú Airbus A340-300, ó sì fi ọ̀nà jíjìn sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009. Arik Air ra A340-500 méjì, ó bẹ̀rẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù ní December 2008 àti New York ní November 2009. Ní February 2017, AMCON, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń gba gbèsè báńkì, gba ìṣàkóso rẹ̀, ọ̀nà jíjìn sì dáwọ́ dúró. Ní March 30, 2024, Air Peace bẹ̀rẹ̀ sí í lọ Gatwick ní Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú Boeing 777.

Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjíìnì méjì bíi 777 tún ní òfin tirẹ̀. Láti ọdún 1953 ni Amẹ́ríkà ti sọ pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ jìnnà sí pápákọ̀ ju ìṣẹ́jú 60 lọ. Lọ́dún 1985 wọ́n sún un dé 120, nígbà tó di 1988 ó di 180. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ àǹfààní yìí gbọ́dọ̀ fi hàn pé ìtọ́jú òun péye. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé ẹnjiníà kan náà kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ kan náà lára ẹnjíìnì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí àṣìṣe kan má baà pa méjèèjì.

Ìtẹ̀síwájú wà nílé. Lọ́dún 2010, Amẹ́ríkà fún àbójútó ọkọ̀ òfurufú Nàìjíríà ní ipò kìíní. Aero Contractors ti ń ṣe àyẹ̀wò C fún Boeing 737 ní Ìkẹjà. Síbẹ̀, ọkọ̀ ńlá ọ̀nà jíjìn ṣì ń lọ sókè òkun fún àyẹ̀wò ńlá, dọ́là ni wọ́n sì ń fi san án. Bí náírà bá rẹ̀yìn, ọkọ̀ a pẹ́ ní hángà ẹlòmíràn, ètò ìrìnnà ilé a sì dàrú.

Èrò ní ẹ̀tọ́ láti mọ èyí kó tó sanwó. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan bá tún kéde ọ̀nà tuntun, tí wọ́n sì ń fi àga tuntun hàn wá nínú fọ́tò, ẹ jẹ́ ká bi wọ́n léèrè ọkọ̀ tí yóò fò lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ọ̀nà náà bá wọ hángà, ibi tí hángà náà wà, àti ẹni tó ní àṣẹ láti sọ pé ọkọ̀ kò lọ lálẹ́ yìí. Ilé-iṣẹ́ tó bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ṣe tán fún ọ̀nà jíjìn.