Àrùn Kíndìnrín Lára Àwọn Obìnrin

Nínú Ìwé Léfítíkù ti Bíbélì Yorùbá, iwe ni wọ́n pe ẹ̀yà ara méjì tí ó wà ní ìhà ẹ̀yìn, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní kíndìnrín lónìí. Iwe kan náà ni a ń pe ti adìẹ, èyí tí ó jẹ́ ẹ̀tọ́ baálé ilé nínú ọbẹ̀. Ti adìẹ ń lọ oúnjẹ. Ti ènìyàn ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ bí obìnrin ti ń sẹ́ ògì, ó sì ń da èérí inú rẹ̀ sínú ìtọ̀. Àrùn rẹ̀ kì í pariwo. Kí ojú tó wú ní òwúrọ̀, kí ìtọ̀ tó máa hó bí ọṣẹ, iṣẹ́ ibi ti lọ jìnnà.

Ní 1827 ni Richard Bright, oníṣègùn ní ilé ìwòsàn Guy's ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ̀wé tí ó so ara wíwú mọ́ kíndìnrín tí ó bàjẹ́. Ó di 1943 kí Willem Kolff tó ṣe ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ ní ilẹ̀ Holland, nígbà tí ogun ṣì ń jà. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ lò ó fún ni ó kú. Ní 1945 ni ó tó gba ẹnìkan là, arúgbó ẹni ọdún 67. Obìnrin ni.

Ọdún 36 lẹ́yìn èyí, ní 1981, ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà, ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó. Kì í ṣe pé ìmọ̀ kò sí tẹ́lẹ̀. Ìbàdàn, níbi tí a ti ṣí ilé ìwòsàn UCH ní 1957, ni Gilles àti Hendrickse ti ṣe ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1963, pé irú ibà kan wà tí ń ba kíndìnrín ọmọdé jẹ́. Níbẹ̀ náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Oládiípọ̀ Akínkùgbé ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tọpasẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru, òléwájú nínú ohun tí ń ba kíndìnrín àgbà jẹ́ ní ilẹ̀ wa. Ó di 2000 kí wọ́n tó gbé kíndìnrín ẹnìkan sí ara ẹlòmíràn ní Nàìjíríà, ní ilé ìwòsàn St. Nicholas, Èkó.

Ti obìnrin wá ṣe ọ̀tọ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta 2018, Ọjọ́ Kíndìnrín Àgbáyé bọ́ sí Ọjọ́ Àwọn Obìnrin. Iye tí wọ́n kà nígbà náà ni mílíọ̀nù 195 obìnrin tí àrùn yìí ń bá jà, tí ó sì ń pa bí 600,000 wọn lọ́dún. Oyún wà nínú ohun tí ó fà á: ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún, ìsun ẹ̀jẹ̀ nígbà ìbímọ, oyún ṣíṣẹ́ ní ibi tí kò mọ́. Obìnrin tí àrùn náà ń ṣe pọ̀ ju ọkùnrin lọ; síbẹ̀ ọkùnrin ni ó pọ̀ jù lórí ẹ̀rọ. Òótọ́ ni pé àrùn náà ń rọra rìn lára obìnrin, ṣùgbọ́n èyí nìkan kò tó àlàyé, nítorí obìnrin kan náà ni ó sábà máa ń fi kíndìnrín tirẹ̀ tọrẹ fún ọkọ tàbí ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ náà dé Imini, ní ìjọba ìbílẹ̀ Afijio. Obìnrin ibẹ̀ tí kíndìnrín rẹ̀ bá dáṣẹ́ sílẹ̀ yóò gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni ó yẹ kí a fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, bíi wákàtí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Ní 2025 ìjọba àpapọ̀ dín owó rẹ̀ kù láti ₦50,000 sí ₦12,000 ní àwọn ilé ìwòsàn rẹ̀ kan, UCH pẹ̀lú. Ìrànwọ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ₦36,000 lọ́sẹ̀, láìka owó ọkọ̀, mélòó ni ẹni tí ń yan gàrí yóò yan?

Ní ilé ìwòsàn aláboyún, wọ́n ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì ń yẹ ìtọ̀ wò. Lẹ́yìn ìkómọ, ọmọ ni à ń gbé lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ìyá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru nínú oyún kì í sábà rí ẹni tí yóò tún bèèrè ìtọ̀ rẹ̀ mọ́.