Òkè Ìdànrè: Ìlú tí Àlàáfíà Sọ Di Ahoro

Òkè Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni orí ọ̀rọ̀ mi dá lé, òkè tí ìjọba ti sọ di ibi ìgbafẹ́ àti ibi ìtọ́jú ohun àjogúnbá. Ìbéèrè tí mo gbé dání kò ju ẹyọ kan lọ: nígbà tí àlejò bá gun òkè náà, kí ni ó yẹ kí ó rí?

Àwọn òpìtàn ti kọ púpọ̀ nípa ìlú tí ogun fọ́. A mọ ìtàn Òwu; a mọ ìtàn Ìjàyè tí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn tú ká ní ọdún 1862. Ìdànrè àtijọ́ kò sí lára irú wọn. Èrò tèmi ni pé àlàáfíà ni ó sọ ọ́ di ahoro, àti pé ẹni tí kò bá mọ èyí kò tíì rí òkè náà, bí ó tilẹ̀ dé ṣóńṣó rẹ̀.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn ará Ìdànrè sọ pé láti Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn baba ńlá wọn ti wá. Ààbò ni wọ́n rí lórí àpáta wọ̀nyí. Ẹni tí ó wà lókè a máa rí ọ̀tá láti òkèèrè, ẹni tí ó ń gòkè bọ̀ kò sì lè sáré. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun gba ilẹ̀ Yorùbá kan, irú ibi bẹ́ẹ̀ ni ó ń gba ènìyàn là. Ohun kan náà ni Olúmọ ṣe fún àwọn Ẹ̀gbá tí Ṣódẹkẹ́ kó dé Abẹ́òkúta ní ọdún 1830.

Lẹ́yìn náà, ayé yí padà. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn Ogun Kírìjì ní 1886, àwọn ọmọ ogun sì tú ká ní 1893. Ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í dára. Kòkó dé, ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkè ni ó sì ti ń ṣe dáadáa. Ta ni yóò máa ru ẹrù gun òkè lójoojúmọ́ nígbà tí kò sí ọ̀tá tí ó ń lé e? Ní àwọn ọdún 1920, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ ìlú tuntun dó.

Nígbà tí mo gun àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 náà, tí mo sì ń sinmi díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí ni mo ń wá. Ààfin Ọwá ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn òpó tí wọ́n gbẹ́ ère sí lára. Nítòsí ibẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́, ilé ẹjọ́ àti ilé ẹ̀wọ̀n àtijọ́ wà. Ẹ kíyè sí i: ìjọba àwọn òyìnbó àti ìwé kíkà ti gun òkè lọ bá àwọn ará Ìdànrè kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. A kò lè sọ pé ọ̀làjú ni wọ́n wá lọ sí ìsàlẹ̀. Ìrọ̀rùn àti oko ni wọ́n wá lọ.

Ẹ̀rí mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ àlejò ń tẹ̀ kọjá. Ọ̀pọ̀lọ́ kan wà tí onímọ̀ Schiøtz kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ní 1963. A kò mọ ibòmíràn láyé tí ó ń gbé ju òkè yìí lọ. Lójú àpáta tí omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ń ṣàn lé lórí ni ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà. Fún 50 ọdún, àwọn onímọ̀ kò rí i mọ́, àfi ní 2013.

Níbí ni ìṣòro wà. Ilé amọ̀ tí kò ní òrùlé, òjò yóò dá a padà di ilẹ̀. Ó nílò ẹsẹ̀ àti ọwọ́ ènìyàn. Ọ̀pọ̀lọ́ yìí, ní tirẹ̀, nílò àpáta tútù tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò tẹ̀. Ibùdó àbẹ̀wò tí ó bá ń ka iye àlejò nìkan yóò pa èkejì lára, èyí tí ó bá sì ti ilẹ̀kùn yóò sọ èkínní nù.

Nàìjíríà ti fi orúkọ Òkè Ìdànrè sí ara àwọn ibi tí ó fẹ́ kí àjọ UNESCO gbà gẹ́gẹ́ bí ogún aráyé láti 2007. Sukur ní Adamawa, tí òun náà wà lórí òkè, ti wọlé ní 1999. Àwọn ènìyàn ṣì ń gbé Sukur, àwọn ni wọ́n sì ń tún ògiri òkúta wọn ṣe. Ìdànrè kò ní irú olùgbé bẹ́ẹ̀ lókè mọ́, ṣùgbọ́n ó ní ọmọ ìlú nísàlẹ̀ tí ó ṣì ń ṣe ọdún Òròsùn.

Nítorí náà, àbá mi ni pé kí ìtọ́jú ilé wà lọ́wọ́ àwọn agbolé tí ó ni ín, kí a ya ọ̀nà àlejò sọ́tọ̀ kúrò lórí àpáta olómi, kí afinimọ̀nà sì máa sọ ìdí tí ìlú fi ṣófo kí ó tó sọ nípa ẹwà. Àwọn tí wọ́n gbé òkè yìí kò sá kúrò níbẹ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ parí. Iṣẹ́ tí ó kù ní ti àwa.