Aláìníṣẹ́ Woolwich àti Kọ̀ǹpútà Ìjọba

Tí ẹ bá dé Royal Arsenal ní Woolwich lónìí, ilé olówó ńlá lẹ máa rí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rọ àgbá àti ọta fún ìjọba tẹ́lẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé ní 1967, ti Siemens tẹ̀ lé e ní 1968, ọdún kan náà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọ Thamesmead. Ẹ ò rí i? Ilé dé, iṣẹ́ lọ. Yorùbá pọ̀ níbẹ̀ báyìí.

Nígbà tó yá, pátákó Jobcentre ni aláìníṣẹ́ ń lọ wò. Ní 2012, ìjọba gbé Universal Jobmatch sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó dára, èèyàn lè wáṣẹ́ láti ilé, lóru pàápàá. Láti 2013, òṣìṣẹ́ Jobcentre lè pàṣẹ pé kéèyàn forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ kò lè fipá wo inú àkáǹtì rẹ̀. Àpótí kékeré kan wà téèyàn á fàmì sí tó bá gbà. Ẹ wá rò ó wò: ẹni tí wọ́n lè dá owó rẹ̀ dúró fún ọ̀sẹ̀ 4, tàbí ọdún 3 pàápàá (wọ́n fagi lé ọdún 3 yẹn ní 2019), ṣé ó lè sọ pé "rárá o"? Lójú tèmi, ẹ̀tọ́ orí ìwé lásán nìyẹn.

Find a Job rọ́pò rẹ̀ ní 2018. Ṣùgbọ́n Universal Credit, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2013, ní ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Níbẹ̀, kò sí àpótí kankan láti fàmì sí: gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá kọ sínú rẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ń rí.