Teslim Balogun: Agbábọ́ọ̀lù tí ó di Olùkọ́ni

  Nígbà tí àwọn ọmọ bá ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n gbá jù ni gbogbo ojú máa ń wò. Ṣùgbọ́n ta ni í bèèrè ẹni tí ó kọ́ ọ? Ìtàn ọkùnrin kan tí ó gbá bọ́ọ̀lù, tí ó sì tún kọ́ ẹlòmíràn, ni mo mú wá fún yín.

Teslim Balogun ni orúkọ rẹ̀, Èkó ni wọ́n sì bí i sí. Nítorí agbára tí ó fi ń gbá bọ́ọ̀lù, àwọn ènìyàn fún un ní orúkọ Gẹ̀ẹ́sì kan, "Thunder", èyíinì ni ààrá. Ọ̀gá ni láàárín àwọn tí ń gbá bọ́ọ̀lù sílé.

Ní ọdún 1949, wọ́n ṣa àwọn agbábọ́ọ̀lù jọ káàkiri Nàìjíríà láti lọ bá àwọn òyìnbó ta kàn-ń-gbọ̀n nílùú wọn. Etim Henshaw ni balógun ẹgbẹ́ náà; Teslim sì wà lára wọn. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n wọ̀ lọ sí Liverpool. Nígbà tí wọ́n bọ́ sí pápá, ẹnu ya àwọn òyìnbó, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò wọ bàtà! Síbẹ̀, wọ́n na ẹgbẹ́ Marine ní ayò 5 sí 2 nínú ìdíje wọn àkọ́kọ́. Nínú ìdíje 9, wọ́n borí nínú 2, wọ́n ta ọ̀mì nínú 2, wọ́n sì pàdánù 5. Bí wọ́n ti ń padà bọ̀, wọ́n yà ní Freetown, wọ́n sì na Sierra Leone ní ayò 2 sí òdo ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá.

Teslim kò gbàgbé ohun tí ó rí lọ́hùn-ún. Ní ọdún 1955, ó tún padà lọ, ó sì wọ ẹgbẹ́ Peterborough United. Ní ọdún 1956, ó bọ́ sí Queens Park Rangers ní London. Ìdíje líìgì 13 ni ó gbá fún wọn, ó sì gbá ayò 3 wọlé. Iye náà lè kéré lójú ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ó wà lára àwọn tí ó la ọ̀nà fún àwọn tí ó tẹ̀ lé e.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọgbọ́n ọkùnrin yìí wà. Ó mọ̀ pé agbára ẹsẹ̀ kì í bá ènìyàn dọ́jọ́ alẹ́. Bí ó ti lókìkí tó, ó tún jókòó bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ni bọ́ọ̀lù, ó sì gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. A kà á sí ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Mímọ̀ ọ́n gbá yàtọ̀ sí mímọ̀ ọ́n kọ́ni. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n gbá lè má mọ bí òun ti ń ṣe é. Olùkọ́ni gbọ́dọ̀ lè là á yé ẹlòmíràn, pẹ̀lú sùúrù.

Ní ọdún 1968, nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà ní ilẹ̀ wa, Teslim wà lára àwọn tí ó kọ́ ẹgbẹ́ Nàìjíríà fún ìdíje Òlíḿpíìkì ní Mexico. Japan nà wá, Spain náà nà wá; ṣùgbọ́n àwa àti Brazil ta ọ̀mì ní ayò 3 sí 3.

Teslim kú ní oṣù keje ọdún 1972, kò tíì darúgbó. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ pápá ìṣeré ńlá kan ní Sùúrùlérè. Ṣùgbọ́n ìrántí rẹ̀ kò mọ sí Èkó. Ní ọdún 2025, ẹgbẹ́ Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́, ní Rẹ́mọ, ìtòsí wa níhìn-ín, gba ife líìgì Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọmọ ilẹ̀ wa, Daniel Ogunmodede, ni olùkọ́ni wọn nígbà náà. Ọ̀nà tí Teslim là ni irú wọn ń tọ̀.

Àwọn àgbà wa ní, àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Teslim kò jẹ àjẹìwẹ̀yìn. Ẹ̀yin ọmọ wa, ohun tí ẹ bá mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ fi kọ́ ẹlòmíràn. Ó dàbọ̀ o.