Ọta Wo Ló Tó Erin Nínú Igbó Kìjikìji?

Àríyànjiyàn kan wà láàárín àwọn ọdẹ tó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún, kò sì tíì tán: ṣé ọta kékeré tó ń ba ibi téèyàn fojú sùn ló dáa fún ẹran ńlá ni, àbí ọta gbàǹgbà? Èmi kì í ṣe ọdẹ o, ìtàn ni mò ń kọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣi ọta yàn nínú igbó lè má padà wálé wá jiyàn.

Látorí èéfín ni kí n ti bẹ̀rẹ̀. Láyé ẹ̀tù dúdú, irú èyí tí wọ́n ń rọ sínú ṣakabùlà nílé wa, ìbọn 4-bore àti 8-bore làwọn òyìnbó fi ń dọdẹ erin ní Áfíríkà. Nọ́ńbà yẹn ni iye ọta òjé tó máa wọn pọ́ùn kan: mẹ́rin péré, tàbí mẹ́jọ! Ó ń gbá èjìká, ìyẹn ṣì kéré. Nínú igbó, èéfín á bo ojú ọdẹ, erin tó gbọgbẹ́ á sì wà lódìkejì èéfín ọ̀hún, ní nǹkan bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá.

Ní 1898, ilé iṣẹ́ Rigby ní Lọ́ńdọ̀nù gbé .450 Nitro Express jáde. Kọ́dáìtì ló ń lò, tí kì í rú èéfín tó bẹ́ẹ̀. Ọta rẹ̀ wúwo tó gíráàmù 31. Ọ̀pọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Bell ló tú u ká. Ará Scotland ni W. D. M. Bell (1880–1954), Karamoja ní Uganda ló ti gbajúmọ̀. Erin tó pa lé lẹ́gbẹ̀rún kan, ọta .275 ló sì fi pa èyí tó pọ̀ jù, gíráàmù 11 péré! Kì í ṣe oògùn. Ó la agbárí erin, ó wo ibi tí ọpọlọ wà, ọta tí wọ́n fi irin bò ló sì ń lò, tí kì í fẹ̀ lẹ́nu, tó ń wọlé tààrà.

Àwọn tó ń fi Bell jiyàn máa ń gbàgbé ohun kan: ó gbọ́dọ̀ rí orí erin kó tó yìnbọn. Nínú igbó dídí, etí kan lè ni gbogbo ohun tí wàá rí. John Taylor, tó dọdẹ ní Mozambique, gbé ìṣirò kan jáde nínú ìwé African Rifles and Cartridges ní 1948: ìwúwo ọta, eré rẹ̀ àti fífẹ̀ rẹ̀, ó sọ wọ́n pọ̀. Bí ọta bá tàsé ọpọlọ díẹ̀, báwo ló ṣe máa dá erin kú tó? Mo ṣe é fúnra mi: .275 gba nǹkan bíi 16, .450 gba 67. Ìyẹn ni àyè tí ọdẹ máa rí yìn ín lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó ń tọpasẹ̀ níwájú, ọmọ Áfíríkà ni lọ́pọ̀ ìgbà, òun lẹran sì máa kọ́kọ́ bá. Òun ló ń jẹ gbèsè ọta tí ọ̀gá yàn. Taylor ni mo gbè.

Ṣùgbọ́n ẹ má gba irọ́ kan o, pé ọta ńlá ń la ẹ̀ka igi kọjá láìyà. Kò sí ọta tí igi kì í yà lọ́nà.

Láti 1912 ni .375 ti Holland & Holland ti wà láàárín àwọn méjèèjì: gíráàmù 19, kò wúwo jù láti gbé rìn. Láwọn orílẹ̀-èdè kan ní Áfíríkà, òun ni òfin fi ṣe òdiwọ̀n tó kéré jù fún erin àti ẹfọ̀n. Tí Bell bá gbé .275 rẹ̀ débẹ̀ lónìí, àgọ́ ọlọ́pàá ló máa sùn.