Àtúnṣe Ẹ́ńjìnnì Dísù àti Àtúntò Àkókò Rẹ̀ Lẹ́yìn tí Bẹ́líìtì Táímìn bá Já

Bẹ́líìtì táímìn ni ọ̀já rọ́bà eléyín tí ó so ọ̀pá kíráńkì, tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, pọ̀ mọ́ ọ̀pá káàmù tí ó wà lókè. Ọ̀pá kíráńkì ni ó ń gba agbára lọ́wọ́ àwọn písítìnì. Ọ̀pá káàmù ni ó ń ṣí àwọn fáàfù ní àsìkò tí ó yẹ. Iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ pín sí ìpele mẹ́rin: fífa afẹ́fẹ́ wọlé, fífún un pọ̀, jíjó epo, àti títú èéfín dànù. Kí ìpele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó parí, kíráńkì yóò yí ẹ̀ẹ̀mejì, káàmù yóò sì yí ẹ̀ẹ̀kan péré. Eyín ara bẹ́líìtì ni kì í jẹ́ kí ìṣirò yìí yẹ̀. Bí bẹ́líìtì bá já, tàbí tí ó bá fo eyín, ohun tí ó wà lókè àti èyí tí ó wà nísàlẹ̀ kò mọ àsìkò ara wọn mọ́.

Ìtàn ní ṣókí

Rudolf Diesel, ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ pe ẹ́ńjìnnì yìí, gba ìwé àṣẹ fún èrò rẹ̀ ní Jámánì ní 1893. Ní 1897 ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yege ìdánwò ní ìlú Augsburg. Ṣéènì àti jíà onírin ni a kọ́kọ́ fi ń to àkókò ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Ní 1962 ni ilé-iṣẹ́ Glas, ní Jámánì bákan náà, gbé ọkọ̀ onípẹtiróòlù tí ó ń lo bẹ́líìtì eléyín jáde. Nígbà tí ó fi di 1976, Volkswagen ti fi irú bẹ́líìtì bẹ́ẹ̀ sínú Golf onídísù. Ní àwọn ọdún 1980 ni Peugeot àti Citroën náà bẹ̀rẹ̀ sí lo ìdílé ẹ́ńjìnnì XUD. XUD9, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1905 cc, ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ níhìn-ín, nítorí pé ìlànà títo àkókò rẹ̀ hàn kedere.

Ìdí tí ìbàjẹ́ rẹ̀ fi ń pọ̀

Ẹ́ńjìnnì dísù kò ní púlọ́ọ̀gì tí ń ṣáná. Afẹ́fẹ́ tí písítìnì fún pọ̀ títí tí ó fi gbóná gidigidi ni ó ń mú kí dísù gbiná. Kí èyí lè ṣeé ṣe, písítìnì gbọ́dọ̀ gòkè títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tọ́ọ̀pù sílíńdà. Kò sí àyè láàárín wọn fún fáàfù tí ó bá ṣí sílẹ̀. Nígbà tí bẹ́líìtì bá já lórí eré, káàmù yóò dúró lójijì, àwọn fáàfù kan yóò sì wà ní ṣíṣí. Ṣùgbọ́n àwọn písítìnì kò tíì dúró. Wọn yóò gbá fáàfù náà. Fáàfù lè tẹ̀, tápẹ́ẹ̀tì lè fọ́, ọ̀pá káàmù pàápàá lè sán.

Ohun tí kò yẹ ní ṣíṣe

Bí ọkọ̀ bá kú lójijì lójú ọ̀nà, tí sítátà sì ń yí ẹ́ńjìnnì fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ láìjẹ́ pé ó gbiná, kí a fura sí bẹ́líìtì. Kí awakọ̀ má ṣe tún sítátà yí mọ́, kí wọ́n má sì ti ọkọ̀ náà kí ó lè gbiná. Fáàfù tí ó kàn tẹ̀ díẹ̀ lè ṣẹ́ sínú sílíńdà bí a bá tún un gbá. Iṣẹ́ tọ́ọ̀pù nìkan lè tipa bẹ́ẹ̀ di iṣẹ́ odidi ẹ́ńjìnnì. Fífà ni kí a fa ọkọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì.

Àyẹ̀wò

Mẹkáníìkì yóò ṣí ìbòrí bẹ́líìtì, yóò sì kọ́kọ́ wá ohun tí ó já a. Bẹ́líìtì lè gbó. Ọ́ìlì tí ń jò láti ojú ọ̀pá káàmù tàbí ti kíráńkì lè jẹ ẹ́. Béárìn rólà tí ń fa bẹ́líìtì le lè dì, tàbí kí pọ́ǹpù omi, tí bẹ́líìtì kan náà ń yí nínú XUD9, há. Ẹni tí ó bá fi bẹ́líìtì tuntun sórí pọ́ǹpù omi tí ó ti ń há kò tíì ṣe àtúnṣe kankan. Yóò tún já.

Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò tú tọ́ọ̀pù sílíńdà. Gbogbo fáàfù ni kí a yọ, kí a sì yí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ojú lásán kì í rí èyí tí ó tẹ̀ díẹ̀. A ó yẹ ihò tí fáàfù ń gbà kọjá wò, a ó wo tápẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá káàmù àti orí písítìnì kọ̀ọ̀kan. Bí orí písítìnì bá ní àpá fẹ́ẹ́rẹ́, ó lè má ṣe nǹkan kan. Bí ó bá sán, a gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀.

Àtúnṣe tọ́ọ̀pù

Fáàfù tí ó tẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń nà padà. Tuntun ni a ń fi rọ́pò rẹ̀. A ó lọ̀ ọ́ mọ́ ìjókòó rẹ̀ títí tí wọn yóò fi bá ara wọn mu yíká. Láti mọ̀ bóyá ó dì, a ó da kẹrosíìnì díẹ̀ sí ojú ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé àti èyí tí èéfín ń gbà jáde, a ó sì wò ó bóyá yóò jò sí apá kejì. Gáskẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun. Ti XUD ní oríṣiríṣi ìnípọn, àmì tí a gé sí etí rẹ̀ ni a fi ń dá a mọ̀. Bí písítìnì bá ṣe yọ lójú búlọ́ọ̀kù tó ni a fi ń mọ èyí tí ó yẹ.

Kí a tó dá tọ́ọ̀pù padà, a ó yí kíráńkì ní ìdá mẹ́rin ìyípo kan, kí gbogbo písítìnì lè wà ní àárín sílíńdà. Bí káàmù bá tilẹ̀ yí nígbà náà, fáàfù kò ní rí písítìnì gbá.

Títò àkókò

Ohun mẹ́ta ni a gbọ́dọ̀ mú wá sí ojú kan: kíráńkì, káàmù àti pọ́ǹpù dísù. Nínú XUD9, irin róbótó oní-mìlímítà 8 ni a ń tì gba inú búlọ́ọ̀kù bọ ihò ara fúláíwíìlì láti dá kíráńkì dúró. Bóòtù mìlímítà 8 kan ni a ń fi dá púlì káàmù dúró, méjì sì ni ti púlì pọ́ǹpù dísù. Àmì ni àwọn irin wọ̀nyí. A kò gbọ́dọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé wọn láti di ẹ́ńjìnnì mú nígbà tí a bá ń tú bóòtù líle.

Bẹ́líìtì tuntun yóò bẹ̀rẹ̀ láti ara púlì kíráńkì. Apá tí kò ní rólà afàbẹ́líìtì ni a ó kọ́kọ́ fà le, kí gbogbo dídẹ̀ lè bọ́ sí apá rólà. A ó tú rólà sílẹ̀ kí sípíríìnì rẹ̀ ti bẹ́líìtì, a ó sì dì í. A ó yọ àwọn irin àmì, a ó fi sípánà yí kíráńkì lọ́wọ́ ní ìyípo méjì gbáko, a ó tún rólà tú kí ó fa bẹ́líìtì le lẹ́ẹ̀kan sí i, a ó sì dì í pa. Bí àwọn irin àmì bá tún wọ ihò wọn, àkókò ti tò.

Ìyípo méjì yìí ni ojúlówó ìdánwò. Bí sípánà bá kọ nǹkan líle, kí a dúró, kí a wá ìdí rẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní ń le koko. Ọwọ́ ènìyàn yóò mọ̀ bí fáàfù bá kan písítìnì. Sítátà kò ní mọ̀.

Bí pọ́ǹpù dísù bá fi eyín kan ṣáájú, ẹ́ńjìnnì yóò máa kàn gbàgbàgbà. Bí ó bá fi eyín kan pẹ́, kò ní tètè gbiná, èéfín funfun yóò sì máa jáde. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì dísù ìgbàlódé, kọ̀ǹpútà ni ó ń pinnu ìgbà tí nọ́súù yóò tú epo, ṣùgbọ́n ìbáṣepọ̀ kíráńkì àti káàmù ṣì wà lọ́wọ́ bẹ́líìtì tàbí ṣéènì.

Ìdánwò àti ìdènà

Kí a tó dá ọkọ̀ padà fún olówó rẹ̀, ó yẹ kí a wọn agbára ìfúnpọ̀ sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Nínú ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ ṣì le, ó máa ń tó nǹkan bí bar 25 sí 30. Sílíńdà tí tirẹ̀ bá kéré gan-an sí ti àwọn yòókù lè ṣì ní fáàfù tí kò dì.

Ìwé tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ni ó ń sọ iye kìlómítà àti iye ọdún tí bẹ́líìtì yóò lò. Èyí tí ó bá kọ́kọ́ pé ni kí a tẹ̀lé. Ẹni tí ó bá ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ kì í sábà mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ tirẹ̀ kẹ́yìn. Kí ó pààrọ̀ bẹ́líìtì, rólà àti pọ́ǹpù omi pa pọ̀ kí ó tó gbé e rìn ọ̀nà jíjìn, nítorí pé bẹ́líìtì kì í sábà kígbe kí ó tó já.