Orúkọ ni, kì í ṣe àdírẹ́ẹ̀sì: ìtàn kékeré nípa nọ́ńbà tí a fi ń dá kọ̀ǹpútà mọ̀

Ní ọdún tó kọjá, kọ̀ǹpútà mi kò rí ọ̀nà wọ íntánẹ́ẹ̀tì yàrá ìwádìí wa mọ́. Ibẹ̀ sì ni gbogbo ohùn àwọn àgbà Kétu tí mo gbà sílẹ̀ fún ìwé dókítà mi wà. Mo pe ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ. «Àǹtí, ẹ ka àdírẹ́ẹ̀sì ẹ̀rọ yín fún mi, kí n fi í sínú àwọn tí a gbà láàyè.» Mo tẹ ipconfig /all. Faransé ni Windows mi ń sọ: nom de l'hôte, adresse physique, adresse IPv4. Àdírẹ́ẹ̀sì méjì! Mo ka IPv4 fún un. Adresse physique ló ń wá. Ó gbà wá ní ọjọ́ mẹ́ta kí ọ̀rọ̀ tó yé ara wa.

N kò dá a lẹ́bi. Ọ̀rọ̀ adresse ló tan àwa méjèèjì. Nígbà tí Robert Metcalfe àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ Ethernet ní Xerox PARC, ní Kalifọ́níà, ní 1973, bit 8 péré ni nọ́ńbà ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Kò lè ju 256 lọ. Ìyẹn tó fún wáyà inú ilé kan, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí a bá gbé lọ sórí wáyà mìíràn lè bá ẹni tó ń jẹ́ nọ́ńbà rẹ̀ pàdé níbẹ̀. Nínú ìlànà tí Digital, Intel àti Xerox gbé jáde ní 1980, ó di bit 48. Yogen Dalal àti Robert Printis ṣàlàyé ìdí rẹ̀ ní 1981. Àkọlé wọn pè é ní nọ́ńbà, kò pè é ní àdírẹ́ẹ̀sì. Lónìí, IEEE ló ń pín ìdajì àkọ́kọ́ fún ilé iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ náà a sì fi ìdajì kejì sí i.

Lójú tèmi, orúkọ àmútọ̀runwá nìyẹn: ẹ̀rọ gbé e wá láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. (Òjó pọ̀ nílùú, nọ́ńbà yìí sì yẹ kó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, àfiwé náà kò pé.) Nom de l'hôte ni àbísọ, ẹni tó ni ẹ̀rọ lè pa á dà. IPv4 nìkan ni àdírẹ́ẹ̀sì, ilé tí ẹ̀rọ wọ̀ sí lọ́jọ́ náà.

Mo ti kọ «orúkọ àmútọ̀runwá» síwájú adresse physique nínú ìwé ìtọ́sọ́nà tí mo ń ṣe fún yàrá wa. Fóònù ló kù. Láti Android 10, ní 2019, fóònù a máa fi nọ́ńbà mìíràn bo tirẹ̀ bó bá ti wọ Wi-Fi tuntun. Ìnagijẹ ni mo kọ síbẹ̀.